Ẹnu Ọ̀nà Pupa tí A Dúró Sí

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sí ilé méjì tó jọra wọn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, òótọ́ ni mò ń sọ. Bí àlejò bá dé láti ọ̀nà jíjìn, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nọ́ńbà ilé. Wọ́n á ní, "Máa lọ tààrà. Wàá rí ilé kan tí wọ́n mọ kìnnìún sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìrù kìnnìún náà ti kán. Ilé tó kọjú sí i ni." Àlejò á sì dé ibẹ̀ láìṣìnà. Ilé kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n kun fèrèsé rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, òmíràn wà tí baálé rẹ̀ lẹ àfọ́kù àwo mọ́ ara ògiri kó lè máa dán, òmíràn sì wà tí páànù orí rẹ̀ yọ síwájú bíi fìlà ẹni tó mutí yó. Bí a ṣe ń fi ojú mọ èèyàn la ṣe ń fi ojú mọ ilé. Àwọn tó mọ̀wé kò pọ̀ láàárín wa, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n pàápàá kì í wá ìwé kà lára ògiri.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ èyí, torí ẹ̀yin ọmọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Ẹ ní bí mo bá ń júwe ibì kan, láti orúkọ ìlú ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ṣé ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ lòun wà ni. Ó dáa. Ẹ jókòó, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ díẹ̀, kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.

Bàbá mi kú kí n tó gbọ́n dáadáa. Lẹ́yìn tí ìyá mi ṣe opó tán, àwọn ẹbí bàbá mi ní kí àbúrò bàbá mi ṣú u lópó, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà. Ìyá mi kọ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni o. Ó kàn ní ẹni tí òun ti ń bu oúnjẹ fún bí àbúrò láti ọjọ́ yìí, òun ò lè máa bù ú fún un bí ọkọ. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà ńlá. Wọ́n ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n ọmọ kò ní bá a lọ, torí ilé bàbá ni ọmọ ń gbé. Bí ìyá mi ṣe di ẹrù rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi bọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó lọ ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ obìnrin kan tó máa ń ná ọjà Àbíjàn. Èmi wà lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Àbúrò bàbá mi ló di olórí ilé, ó sì kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ ìyá mi kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Ọkùnrin náà kì í pariwo. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti sọ ọ́ nìyẹn.

Mi ò ní parọ́ fún yín, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ojú ìyá mi ń ṣá lọ́kàn mi. Mo máa ń dì í mú bí oorun bá fẹ́ gbé mi lọ, màá rántí ohùn rẹ̀, màá rántí bó ṣe máa ń yí gèlè sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n wo ojú, kò ní sí níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí wọra. Mo máa ń rò ó pé bí a bá pàdé lójú títì, màá kàn kí i, màá sì kọjá lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan kọ́ sítọ́ọ̀ sí etí títì ní Ọ̀yọ́, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbà lọ sí Ìbàdàn. Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ti rí gbogbo nǹkan tán, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lójú wa. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí a mọ̀, ilẹ̀kùn pákó ni wọ́n ní, ẹni tó ni ọjà ló ń fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu rẹ̀. Èyí ga, ó fẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ún látòkè délẹ̀, àfi ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn pupa! Kì í ṣe pupa ilẹ̀ tí a fi ń pa ògiri nílé wa. Pupa tó ń dán ni, bí ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n wá fi àwọ̀ ìyeyè yí etí rẹ̀ ká. Lókè rẹ̀ ni wọ́n gbé pátákó gàgàrà kan kọ́, wọ́n ya àkùkọ sí i, àkùkọ náà la ẹnu bí ẹni pé ó fẹ́ kọ, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò mọ ẹni tó kà á. Pupa yẹn ni gbogbo wa ń kà.

Èèyàn ń ti ilé wá wò ó láìra nǹkan kan. Nígbà tí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ rí i, ó dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ilé tó kun ẹnu rẹ̀ báyìí, ṣé kò ní gbé èèyàn mì?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ kò jìnnà, ibẹ̀ di ibi tí gbogbo ìlú ń dá àdéhùn sí. Ẹni tó fẹ́ pàdé ọ̀rẹ́, ẹni tó fẹ́ dúró de ọkọ̀, wọ́n á ní, "Ẹnu ọ̀nà pupa, lábẹ́ àkùkọ." Ó ti tán, kò tún sí àlàyé mìíràn.

Awakọ̀ kan wà tó ń ná ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Aládùúrà, èèyàn jẹ́jẹ́. Òun ló máa ń bá ìyá mi jíṣẹ́ fún Ìyá Àgbà ní bòókẹ́lẹ́, torí Ìyá Àgbà kò bá ìyá mi jà rí. Kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ẹnu awakọ̀ ni fóònù wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dá ọkọ̀ dúró níbi tí Ìyá Àgbà ti ń ta ọṣẹ dúdú létí títì. Kò sọ̀ kalẹ̀, àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń kanra pé kó jẹ́ kí àwọn máa lọ. Ó yọ orí lójú fèrèsé.

Ó ní, "Màmá, ẹ kú ìjókòó o. Ìyá ọmọ ní kí n kí yín. Ó ní ọ̀gá òun ń mú òun lọ sí Àbíjàn, òun ò sì mọ ìgbà tí òun á padà. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbéra. Ó ní ẹ dákun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé gbọ́, kí ẹ mú ọmọ wá kóun fojú kàn án láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun á máa dúró dè yín níwájú sítọ́ọ̀ ńlá nì, èyí tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pupa, tó ní àkùkọ lókè."

Ìyá Àgbà ní, "Alákùkọ? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Awakọ̀ ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n? Ó parí nìyẹn." Ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò láti ìgbà èwe mi, mò ń wá ẹni tí màá dá lẹ́bi nínú rẹ̀, mi ò rí. Awakọ̀ jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Ìyá Àgbà dáhùn ohun tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún ẹnì kan.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló di irun mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wẹ̀ mí, ó wọ aṣọ Iléyá fún mi, ó sọ fún àbúrò bàbá mi pé à ń lọ kí ẹnì kan tó bímọ. Ìgbà tí a dé ọ̀nà ló tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ní, "Ìyá rẹ lo fẹ́ lọ rí. Má sunkún bó o bá rí i o, torí bó o bá sunkún, òun náà á sunkún." Mo ní mi ò ní sunkún. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé báwo ni màá ṣe dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ta ló máa ń sọ pé òun ò mọ ojú ìyá òun?

A débẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà náà, lápá ibi tí òrùn kò tíì dé. Ọkọ̀ ń dé, ọkọ̀ ń lọ. Bí obìnrin kan bá ti sọ̀ kalẹ̀, màá wo ojú rẹ̀, màá wo gèlè rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí mi, mo sì rò pé òun nìyẹn, àfi kí wọ́n wọlé lọ ra bisikíìtì wọn. Mẹ́gáàdì ibẹ̀, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wọ kakí, bẹ̀rẹ̀ sí í wò wá. Òrùn dé ibi tí a wà, a sún. Ó tún lé wa bá, a tún sún, títí a fi lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà pupa yẹn gan-an, ọ̀dà rẹ̀ sì gbóná mọ́ mi lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, Ìyá Àgbà tẹ́ ìborùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní, "Má kúrò níbẹ̀ o. Bó bá dé nígbà tí mo wà lórí ìrun, di aṣọ rẹ̀ mú, má jẹ̀ẹ́ kó lọ." Mo na ọwọ́ mi sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú adìyẹ. Kò sí aṣọ tí mo máa dì mú. Ó kírun tán, ó ra búrẹ́dì fún mi, mo dì í mú lọ́wọ́, mò ń wo ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ ló dá a dúró. Ìyá rẹ kì í yẹ àdéhùn." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún un sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Mẹ́gáàdì wá bá wa nígbẹ̀yìn. Ó ní, "Màmá, láti àárọ̀ ni mo ti ń wò yín. Ta lẹ ń dúró dè?"

Ìyá Àgbà ní, "Ìyá ọmọ yìí ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń bọ̀."

Ọkùnrin náà họ orí. "Ògbómọ̀ṣọ́? Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé ibí yìí ló ní kí ẹ wá?"

"Sítọ́ọ̀ ńlá, ẹnu ọ̀nà pupa, àkùkọ lókè. Ṣé méjì ló wà ni?"

Ó ní, "Ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà, màmá. Tibẹ̀ ló tiẹ̀ ṣáájú tibí. Bí ẹ ṣe rí i yìí gẹ́lẹ́ ló rí, ọ̀dà kan náà, àkùkọ kan náà. Àwọn ọ̀gá wa ní ibikíbi tí àwọn bá kọ́ ọ sí, bákan náà ló gbọ́dọ̀ rí, kí oníbàárà lè dá a mọ̀."

Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Mi ò rí i kó jókòó sórí ilẹ̀ lásán níta rí. Ó gbọ́wọ́ lé orí, ó ní, "Mo gbé! Wọ́n kọ́ ilé kan ṣoṣo sí ìlú méjì! Kí ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ aráyé ṣe?" Ó wá wo òkè, ó wo òrùn, ó sì fò dìde. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Jẹ́ ká sáré."

Ẹ wò ó, kò sí ohun tó ń bani nínú jẹ́ bíi kéèyàn máa kánjú lójú ẹni tí kò kánjú. A dé gáréèjì, ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, kò tíì kún. Ìyá Àgbà bẹ awakọ̀, ó kúnlẹ̀ fún ọmọkùnrin tí kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ọmọ náà sáré gbé e dìde, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, màmá. Bí mo bá gbé ẹ̀yin nìkan lọ, epo ò ní gbé mi débẹ̀." Òótọ́ ló sọ. A jókòó sínú ọkọ̀ tó gbóná bí ààrò, à ń wo ojú àwọn tó ń kọjá, à ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí ẹnì kan ní iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Àgbà ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Èmi ń bi í pé ṣé a máa bá a. Ó ní, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́." Nígbà tí ọkọ̀ máa fi kún, òrùn ti ń yí sápá kejì.

Ní ọ̀nà, a pàdé bọ́ọ̀sì ńlá kan tí wọ́n di ẹrù sórí rẹ̀ débi pé ó ń fì. Ó fọn fèrè mọ́ wa, a yà fún un, ó sì kọjá sápá Ọ̀yọ́. Mo rántí rẹ̀ nítorí pé mo ka àwọn bẹ́ẹ̀dì tó wà lórí rẹ̀ sí ohun ẹ̀rín, mo sì fi han Ìyá Àgbà. Kò tiẹ̀ wò ó. Iwájú ló ń wò.

Nígbà tí wọ́n já wa sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbójú sókè, igbe sì bọ́ lẹ́nu mi. Ògiri funfun. Ẹnu ọ̀nà pupa, àwọ̀ ìyeyè létí rẹ̀. Àkùkọ la ẹnu lókè. Mo ní, "Ìyá Àgbà, wọ́n ti gbé wa padà sí Ọ̀yọ́ o!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní awakọ̀ yẹn ti tàn wá. Ìyá Àgbà wò ó títí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà kò mọ ibi tó wà mọ́. Ó yíjú sí obìnrin kan tó ń kọjá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo nìyí?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Ó ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ ni, màmá." Ó sì yẹra fún wa.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà náà tó ń nu gíláàsì. Bó ṣe rí wa, ọmọdé tí wọ́n dirun fún àti arúgbó tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó fi àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Yéè! Ẹ̀yin ni? Obìnrin kan dúró síbí láti àárọ̀. Kò jókòó rárá. A gbé àga fún un, ó ní bí òun bá jókòó, ọmọ òun lè má rí òun. Ọkọ̀ wọn wá gbé e níbí, àwọn èrò ti bínú tán. Kò tíì pẹ́, màmá. Kò tíì pẹ́ rárá." Ó wọlé, ó mú ọ̀rá kan jáde. Ó ní, "Ó ní bí ọmọ kan bá dé pẹ̀lú ìyá àgbàlagbà, kí n fún un."

Gáùn ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ sánmà, ó ní ọ̀já lẹ́yìn. Ìyá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an, mo mọ̀, torí abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni. Ìyá Àgbà nà án mọ́ mi láyà. Kò dé ìdodo mi dáadáa. Apá rẹ̀ kò lè gba ọwọ́ mi. Ìwọ̀n ọmọ tó fi sílẹ̀ nílé wa ló rán aṣọ náà fún. Ọmọbìnrin yẹn rí i, ó yíjú padà sí gíláàsì rẹ̀, ó ń nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà ká aṣọ náà, ó kì í bọ abẹ́ apá. Ọ̀nà Àbíjàn kì í ṣe ọ̀nà tí arúgbó ń fi ẹsẹ̀ lé èèyàn lórí rẹ̀.

A rí ọkọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ rí ayé, ìgbà tí a kò kánjú mọ́ ni ọkọ̀ kún kíákíá. Iwájú sítọ́ọ̀ náà ló já wa sí ní Ọ̀yọ́, bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Mẹ́gáàdì wa ti ń ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe gbójú sókè tó rí wa, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ ò bá a lọ́nà? Ó wá síbí!"

Ó ní lẹ́yìn tí a lọ ni bọ́ọ̀sì ńlá kan tó di ẹrù gègèrè ń sáré kọjá lọ sí Ìbàdàn, ni igbe obìnrin kan bá ta nínú rẹ̀, ni bọ́ọ̀sì bá tẹ bíréèkì. Obìnrin kan já bọ́ sílẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó sáré wá sí iwájú ẹnu ọ̀nà, ó wo pupa náà, ó wo àkùkọ lókè, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ó ní, "Ó tún wà níbí? Ọlọ́run ò, ó tún wà níbí?" Ó bi mẹ́gáàdì pé ṣé ọmọbìnrin kékeré kan dúró síbí lónìí. Mẹ́gáàdì ní ó dúró, láti àárọ̀, òun àti ìyá àgbàlagbà kan, wọ́n sì ti wá a lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi ní òun ò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù rẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀sì, ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń fà á lọ́wọ́, àwọn èrò ń pariwo.

Mẹ́gáàdì ní, "Ó bi mí pé báwo lo ṣe ga tó." Èmi ló kọjú sí tó ń bá sọ ọ́. "Mo fi ọwọ́ júwe rẹ lára mi, níbí. Ó ní, 'Ó ti tó bẹ́ẹ̀?' Ó tún bi mí pé ibo gan-an lo dúró sí. Mo fi hàn án. Ó lọ dúró síbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ."

Mo rìn lọ síbẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọ̀dà náà, ó ti tutù. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sunkún, mi ò sì sunkún níbẹ̀. Ìyá Àgbà ló sunkún. Ó fi etí ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá, Ọlọ́run á tù yín nínú," wọ́n rò pé ẹnì kan ló kú.

Àbúrò bàbá mi gbọ́ nígbẹ̀yìn, torí Ọ̀yọ́ kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ ń pamọ́ sí. Mo rò pé ó máa bínú. Ó ní kí wọ́n mú gáùn náà wá, ó wò ó, ó dá a padà, ó sì jáde lọ. Láti ọjọ́ náà kò tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ti lọ.

A ránṣẹ́ títí. Gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ń lọ sí Àbíjàn ni Ìyá Àgbà ń rán, ó ní kí wọ́n sọ fún un pé kó máa bọ̀, ọmọ rẹ̀ ń dúró. Ìgbà mìíràn wọ́n á ní àwọn rí i, ó ń kí wa, ọjà ò tíì yọ̀ǹda rẹ̀. Ìgbà mìíràn wọ́n á ní àwọn ò rí i. Ó fi aṣọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, èyí tóbi jù fún mi. Ìyá Àgbà kú. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo sì lọ́kọ sí, ẹ sọ pé kí n má rántí.

Ìgbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n yín àgbà ni obìnrin kan tó ti Àbíjàn dé wá bá wa ṣe ìsọmọlórúkọ. Òun àti ìyá mi ti jọ tajà lọ́jà kan náà. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún mi pé ìyá mi ti kú, wọ́n sì ti sin ín síbẹ̀. Ara ló rọra rẹ̀ ẹ́ títí ó fi lọ. Mo gbé ọmọ lọ́wọ́, mi ò lè ju ara mi sílẹ̀. Obìnrin náà wá ní nǹkan kan wà tí kò yé àwọn nípa ìyá mi rí. Ó ní àwọ̀ ewé ni gbogbo ìsọ̀ tó wà ní ìlà àwọn, bí àwọn olórí ọjà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ti ìyá mi nìkan ló pupa. Wọ́n bá a jà, wọ́n ní kó kun ún bíi ti àwọn yòókù, ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fi í sílẹ̀. Bí òjò bá ti fọ ọ̀dà rẹ̀, á tún ra òmíràn. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, "Ẹnu ọ̀nà pupa ni ọmọ mi mọ̀. Bó bá dé, mi ò fẹ́ kó ṣìnà."

Kí ni kí n ṣe sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ kàwé. Mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀, mi ò sì lówó tí màá fi lọ nígbà tó ṣì wà láyé. Nígbà tí ẹnì kan wá sọ àmì ilé rẹ̀ fún mi, kò sí ẹni tí mo fẹ́ lọ bá níbẹ̀ mọ́.

Sítọ́ọ̀ méjèèjì ti kú tipẹ́. Èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ ti di ilé ìjọsìn, wọ́n ti kun ún ní àwọ̀ mìíràn. Ní báyìí, àwọn sítọ́ọ̀ tuntun ti gba gbogbo ìlú, ẹnu ọ̀nà wọn jọra láti Ìbàdàn títí dé ibi tí mi ò mọ̀, iná ń tàn lára pátákó wọn, ẹ sì ń sọ pé ó ń fi ọkàn yín balẹ̀ pé ibikíbi tí ẹ bá dé, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá ṣì ara yín, ẹ ó pe ara yín, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mi ò fẹ́ kí ayé àtijọ́ yẹn padà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń wúwo bí mo bá dé iwájú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn bóyá ẹnì kan dúró síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá tún pè mí, tó ní, "Màmá, mo ti dé iwájú sítọ́ọ̀ o, ibẹ̀ ni mo ti ń dúró dè yín," mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí màá bi yín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo fún yín láyè. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ìlú wo?